Wọ́n Dí Imú Eré Mi

Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kí yín káàbọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yà sí ìloro mi ní Tudun Wádà, tí ẹ ń bi mí pé, "Màmá, ṣé ká lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, àbí ká bá òwò lọ?", ẹ fìdí kalẹ̀. N ó sọ bí mo ṣe fi ayé mi ṣe iṣẹ́ yìí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn-dídùn tí àwọn tó fẹ̀yìn tì máa ń sọ lọ́jọ́ ìdágbére. Mo sọ irú rẹ̀ lọ́jọ́ tèmi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé aago ògiri fún mi, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní parun láéláé. Itọ́ ẹnu wọn kò tíì gbẹ tí wọ́n fi bà á jẹ́.

Sàlámátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Sókótó níbí ni wọ́n bí mi sí. Àlùbọ́sà ni ìyá mi ń tà ní ọjà Kárà. Kì í ṣe ti orí àtẹ o. Òun ló ń rà á lápò-lápò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó ń kó o sínú ọkọ̀ àjàgbé lọ sí Ìlọrin, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ sí Ìbàdàn. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbà lọ. Iṣẹ́ kan wà tí kì í fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: títo ẹrù. Á dúró sẹ́yìn ọkọ̀, á gbá ìró rẹ̀ mọ́dìí, á máa lọgun mọ́ àwọn alábàárù ní Hausa pé, "Ku bar mata hanci!" Bí ó bá wá yíjú sí èmi, á ní, "Sàlámá, ṣé o rí i? Àlùbọ́sà ń mí. A gbọ́dọ̀ fi imú sílẹ̀ fún un. Ẹrù tí wọ́n bá dí nímú, òórùn rẹ̀ ló máa ṣáájú rẹ̀ délé."

Ohun tó ń pè ní imú yìí, àlàfo tóóró ni. Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ láàárín àwọn àpò láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dé òkè. Bí ẹ bá to àkójọ kìíní, tí ẹ fi àlàfo síbì kan, àlàfo àkójọ kejì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí rẹ̀ gan-an, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n ń fi àyè ọkọ̀ ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tò wọ́n mọ́ra pinpin nínú oòrùn Sókótó yìí, ọ̀kan á rà láàárín, á ran èkejì, kí ọkọ̀ tó dé Jẹ́bà omi rẹ̀ ti ń kán sí títì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo ìjà tí mo fẹ́ rò fún yín.

Bí mo ṣe dé ìdí kọ̀ǹpútà kò gùn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú yìí, tí n kò ní dárúkọ, ra kọ̀ǹpútà, wọ́n wá ọmọ tó mọ ìṣirò, wọ́n rí mi. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń wọlé, ó ń jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ká sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi.

Ọ̀gá Adékọ̀yà ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkùnrin. Nínú ìlú tí yanrìn ti ń wọni létí, aṣọ funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò sì ní rí àbàwọ́n lára rẹ̀. Ó gbé búta, kẹ́tù omi àlùwàlá, sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọlé láìbọ́ bàtà, láìfọ ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wa, ọmọ Hausa, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Hàbà, Ọ̀gá! Ṣé mọ́sálásí ni?"

Ọ̀gá dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín: "Ní mọ́sálásí, Ọlọ́run ń dárí jini. Kọ̀ǹpútà kì í dárí jini. Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ."

Ẹ̀yin òde òní, ẹ ó ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ gbàùgbàù, bí kò bá ṣiṣẹ́ ẹ ó pa á, ẹ ó tún un tàn. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan títí ẹ ó fi fi ẹsẹ̀ ara yín rin iṣẹ́ náà já. Ó ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀: iná kì í pẹ́ nílé, kọ̀ǹpútà kò sì pọ̀. Á ní ká fi lẹ́ẹ̀dì kọ ètò wa sórí ìwé. Lẹ́yìn náà á kó wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi ẹfun fa ilé kéékèèké sílẹ̀ bí ojú dírááfù, á ní kí ẹni tó kọ ètò dúró síbẹ̀ kó fi ara rẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà. Á máa ka ohun tí ẹ kọ láti òkè wálẹ̀, ohun tó bá kà ni ẹ ó ṣe. Kò sí pé "ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé." Ohun tó wà nínú ìwé ni.

Lọ́jọ́ kan ó kan èmi. Ó kà á: síwájú. Mo lọ síwájú. Síwájú. Mo lọ. Ògiri dé. Mo dúró, mo wojú rẹ̀.

Ó ní, "Ìwé rẹ kò ní kí o dúró. Síwájú."

Mo forí sọ ògiri lójú gbogbo ènìyàn. Ó dùn mí dé ẹ̀yìn ojú.

Ó bi mí pé, "Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló forí gbá a?"

"Èmi ni, sà."

"Ìyẹn ni iṣẹ́ yìí." Ó kọjú sí ẹlòmíràn.

Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ní bóyá kí n kúkú padà wá sí Kárà. Mo ní rárá, ìgbéraga mi kò jẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kò kọ ètò kankan tí n kò kọ́kọ́ béèrè nínú rẹ̀ bóyá ògiri wà níwájú.

Òfin Ọ̀gá kan tún wà, òun ló sì tóbi jù. Bí ó bá fún ọ ní iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kọ, tí o rí ohun tó jọ àṣìṣe níbẹ̀, o kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí o tó wá ẹni tó kọ ọ́ lọ. Á ní, "Bí o bá rí ihò lára ilé onílé, bi í kí o tó dí i. Ó lè jẹ́ fèrèsé." Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ó lé ọmọ iṣẹ́ kan lọ nítorí òfin yìí, a bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà náà mo rò pé ọ̀gá yìí burú. Ní báyìí, mo fẹ́ kó jí láti sàréè wá lé àwọn kan lọ fún mi.

Ìgbà tí iṣẹ́ wọ̀ mí lára ni eré bíríkì dé Sókótó. Ẹ mọ̀ ọ́n: bíríkì oríṣiríṣi ń jábọ́ láti òkè, ẹ ń yí wọn kí wọ́n lè wọnú ara wọn, ìlà tó bá kún láìku ihò á pòórá, ẹ ó gba máàkì. Àwọn àgùnbánirọ̀ ló ń gbé e wá láti ìhà gúúsù, ẹ̀rọ kékeré bí ọṣẹ ìfọṣọ. Gbogbo ọ́fíìsì ń tẹ̀ ẹ́. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún Ọ̀gá pé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ tèmi.

Olórí ẹ̀ka wa gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Hàbà, Sàlámátù! Wọ́n ń tà á lọ́jà, kí lo tún ń kọ ọ́ fún?"

Mo ní, "Sà, wọ́n ń ta ọbẹ̀ ní búkà. Kí ni ìyàwó yín ń sè lálaalẹ́?"

Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá fi irú ìbéèrè yẹn bomi pa iná iṣẹ́ yín, ẹ fún un lésì. Ẹni tó ń ta eré bíríkì kò ní sọ fún yín bí bíríkì ṣe mọ̀ pé òun ti kan ilẹ̀. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ ló máa mọ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò kéré. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Mo pín ojú kọ̀ǹpútà sí ilé kéékèèké, òmíràn ṣófo, òmíràn kún. Kí bíríkì tó sún, ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn ilé tó fẹ́ wọ̀: ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀? Ìgbà àkọ́kọ́, bíríkì mi rì wọ inú ilẹ̀ lọ, kò padà wá. Mo tún un kọ. Ó dúró lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, apá kan rẹ̀ á yọ sí òdìkejì. Mo lẹ páálí ìṣáná pọ̀, mo ń fi ọwọ́ yí i lórí tábìlì títí mo fi mọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan ń lọ. Nígbà tí ìyẹn tún gún, ìlà tó kún ń pòórá, àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá dé ẹ̀yìn mi, ó wò ó, ó ní, "Ta ló gbé ìwọ̀nyí kọ́ sójú òfuurufú?" Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dúró sínú ilé ẹfun, mo fi ara mi ṣe bíríkì. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé òkè ni mo ti ń ka àwọn ìlà, ìsàlẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, eré náà ń ṣiṣẹ́ geere. Mo jókòó tì í, inú mi kò sì dùn. Mo ń wo ìlà tó kún pinpin tó ń pòórá, wọ́n sì ń pè é ní àṣeyọrí. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn ọkọ̀. Bí wọ́n bá to ẹrù báyìí ní Kárà, ẹkún ni.

Ni mo bá yí i padà. Bíríkì di àpò àlùbọ́sà. Ìlà tó bá kún fọ́fọ́ kì í lọ mọ́: á di pípọ́n, á jẹrà, á ran ìlà tó wà lórí rẹ̀. Ìlà tí ẹ bá fi àlàfo kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí àlàfo náà bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, òun ni ọkọ̀ á fun fèrè fún, á gbé e lọ. Ẹ ó to ẹrù, ẹ ó sì fi imú sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé ìyẹn rọrùn, ẹ lọ gbìyànjú rẹ̀.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́, wọ́n pa á. Ó tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún pa á. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí ló dé tí ìlà mi tó kún fi ń jẹrà?" Òun, Ọ̀gá Adékọ̀yà, òun náà béèrè kó tó dá mi lẹ́jọ́! Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ ìgò ojú rẹ̀, tó nu ojú. Ó ní, "Èyí kì í ṣe àdàkọ mọ́. Kọ orúkọ rẹ sí iwájú rẹ̀." Mo kọ ọ́: Sàlámátù, ọmọ alálùbọ́sà. Mo mú ìyá mi wá wò ó. Ó fọ ẹsẹ̀ ní búta, ó jókòó, òun ń pàṣẹ, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ fun fèrè, ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Kọ̀ǹpútà yìí gbọ́ràn." Lẹ́yìn ìgbà tí a sin ín, bí àárò rẹ̀ bá sọ mí, eré yẹn ni mo máa ń ṣí.

Irinṣẹ́ ń yí padà, mo ń bá a yí. A lo díìsìkì tó rọ̀ bí ewé, a lo èyí tó le, a lo èyí tó ń dán bíi dígí, fúláàṣì dé, fóònù dé. Nígbà kọ̀ọ̀kan, eré mi kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tuntun, n ó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin ní fóònù tó ju gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà wa nígbà náà lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìjẹ̀bú, ó kú síbẹ̀. Èmi ni mo wá ń gbé búta sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ oníṣòwò wa ní Kárà ń tẹ eré náà lórí fóònù wọn, inú àwọn àgbà ọjà sì ń dùn pé wọ́n ń fi ṣeré mọ ìtò ẹrù.

Èmi náà wá fẹ̀yìn tì. Ọ̀mọ̀wé Túndé, ọmọ Ìbàdàn, tí mo kọ́ fúnra mi, ló gba ipò mi. Ó ní wọ́n fẹ́ gbé eré mi lọ síbi àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́, òun fẹ́ bá mi gbé e sórí fóònù tuntun. Mo kó gbogbo kóòdù rẹ̀ fún un. Mo tún ṣàdúrà fún un.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Alhaja Ṣífáwù fi ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, ìsọ̀ wọn kọjú síra, ó ti di arúgbó báyìí ṣùgbọ́n kò tíì fi Kárà sílẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, mo débẹ̀. Àwọn ènìyàn kún ìsọ̀. Kò fi ìjókòó lọ̀ mí.

Ó na fóònù ọmọ ọmọ rẹ̀ sí mi. "Sàlámá, ṣé ìwọ lo ṣe èyí?"

Mo wò ó. Orúkọ mi wà níwájú rẹ̀, ó ń dán yinrin. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà mi kún fọ́fọ́: orin dún, ìlà pòórá, wọ́n fún mi ní máàkì. Mo fi imú sílẹ̀: ẹ̀rọ kígbe bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, wọ́n yọ máàkì mi.

Alhaja ní, "Ọmọ ọmọ mi yìí ló wá ń sọ fún mi níwájú àwọn alábàárù pé mò ń fi àyè ọkọ̀ ṣòfò. Ó ní gémù rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ kú, a sin ín. Ṣé o ti wá gbàgbé ohun tó fi tọ́ ọ ni?"

Lójú gbogbo ọjà, lábẹ́ orúkọ ara mi, mo ti di ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé ìyá rẹ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe èmi. Ó wo orúkọ lójú fóònù, ó wò mí, ó kọjú sí oníbàárà rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju bí ó bá bú mi lọ.

Ẹnu ọ̀nà ọjà ni mo dúró sí tí mo fi pe Túndé.

"Màmá, ẹ káàsán o. Ẹ ti rí i? Mo bá àṣìṣe kan níbẹ̀, mo bá yín tún un ṣe."

"Àṣìṣe wo?"

"Ìlà tó bá kún kì í lọ, Mà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìlà tó bá kún ló ń lọ."

"Ṣé o bi mí?"

"Ẹ ti fẹ̀yìn tì, Mà. Mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

"O kò fẹ́ dà mí láàmú! Kí ló dé tí orúkọ mi ṣì wà lórí rẹ̀?"

"Màmá, ọ̀wọ̀ ni mo bù fún yín."

Ọ̀wọ̀! Wàláhì, mo kígbe tí àwọn ẹlẹ́ran fi yíjú wò mí. Mo ní kó dá imú yẹn padà, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó pa orúkọ mi rẹ́. Ó ní ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i, ó ní òun ń bọ̀ wá rí mi. Kò wá lọ́jọ́ náà. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, mo ń to èébú jọ dè é.

Ìgbà tó wá dé, ó dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn níwájú ìloro mi pẹ̀lú aṣọ ìgbàlódé rẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mo ra nǹkan wá láti fi bẹ̀ yín. Ọjọ́ tí ẹ pè mí gan-an ni mo ti rà á, ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ n lè wá." Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ẹrù kan wálẹ̀. Àlùbọ́sà ni, àlùbọ́sà Kárà, ó gbé e sínú ọ̀rá dúdú, ó tún fi ọ̀rá mìíràn bò ó, ó dì í lẹ́nu pinpin kí ó má baà rùn nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà wá, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, nínú oòrùn Sókótó!

Òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo èébú tí mo tò jọ, n kò lò wọ́n.

Mo ní, "Tú u."

Ó tú u. Omi pupa ṣàn jáde, ó dà sí i lẹ́sẹ̀ àti bàtà. Ó fọwọ́ bo imú. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ọ̀rá, ó wo ẹnu rẹ̀ tó dì, ó wò mí.

Mo bi í pé, "Ta ló dì í?"

"Èmi ni, Mà."

"Ta ló ń gbóòórùn rẹ̀?"

"Èmi ni, Mà."

"Ìyẹn ni iṣẹ́ yìí."

Búta mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà, ó fọ ẹsẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ìloro, ó sì bi mí pé, "Màmá, báwo ni ẹ ṣe ń fi imú sílẹ̀ fún un?" Mo sọ fún un. Ìbéèrè tó yẹ kó ti ṣáájú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó dá a padà bí mo ṣe kọ ọ́, mo sì gbé e lọ fún Alhaja Ṣífáwù. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ fi fun fèrè, ó wá sún àga kan sí mi. Mo jókòó.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, torí èyí tí wọ́n dí nímú ti tàn ká, àwọn fóònù tó gbé e kò ṣé é kó jọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ tiyín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti wà lọ́jà. Bí ẹ bá sì rí eré kan lórí fóònù níbikíbi, tí orúkọ Sàlámátù ọmọ alálùbọ́sà wà níwájú rẹ̀, tí ìlà tó kún pinpin ń gba orin àti máàkì, ẹ bá mi pa á rẹ́. Ìyá mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.